Ọsàn Tí Kò Gbọdọ̀ So

Inú ike ọ̀dà ni ata Ìyá Kifayah wà. Inú ike ni efinrin rẹ̀ wà, inú ike ni ewé tíì rẹ̀ wà, inú ike náà ni igi ọsàn kékeré kan tó ga dé ìbàdí rẹ̀ wà. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lẹ́yìnkùlé bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀ ní Mọ́níyà. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ gbalasa ló wà níwájú wọn. Ilẹ̀ Abà Olókùúta yìí lọ́ràá débi pé bí èèyàn bá tu kóró ìbẹ́pẹ dànù síbẹ̀, ó di dandan kó hù. Síbẹ̀ obìnrin yìí kò jẹ́ kí gbòǹgbò ohunkóhun kan ilẹ̀.

Èmi ni Jacob, Bàbá Tiwaladé, bíríkìlà. Mo sọ iṣẹ́ mi kí ẹ lè mọ ohun tó ń bí mi nínú. Láti Ṣáṣá títí dé Akínyẹlé, bí mo bá gun ọ̀kadà kọjá, mo lè máa nawọ́ sí ilé tí mo bá wọn kọ́: èyí tí mo da ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí mo rẹ́ ògiri rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí mo lè wọlé sùn nínú wọn. Yàrá kan àti pálọ̀ kan ni mo háyà lọ́wọ́ Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá, ẹnu ọ̀nà mi sì kọjú sí ti Ìyá Kifayah. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn mi le lórí ọ̀rọ̀ onílé, ẹ má bínú. Ohun tó bá dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Fẹ̀yìntọlá ni orúkọ obìnrin náà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tí kò jìnnà sí wa ló ń bá ṣiṣẹ́, nínú ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ igi kí wọ́n tó kó wọn fún àwọn àgbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń tọ́ igi tí ẹlòmíràn yóò lọ gbìn sórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Sàníù, ọkọ rẹ̀, ń gun ọ̀kadà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kifayah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà nílé ìwé girama.

Obìnrin yìí kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dúró níwájú ilé kó má yọjú lójú fèrèsé. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù níta, á dá ohun tó ń ṣe dúró, á máa fetí sí i bóyá ọ̀rọ̀ ilé ni. Aṣọ rẹ̀ wà nínú báàgì Gánà-mọ́sìgo, bó ṣe dì í wá ló ṣe wà. Kò kan ìṣó kan mọ́ ògiri. Aago ògiri rẹ̀ fẹ̀yìn ti àga.

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ìyá Kifayah, aago yín mọ ìjókòó ju ẹ̀yin alára lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ní Òjóò, ọmọ onílé fẹ́ gbéyàwó, wọ́n ní kí wọ́n jáde kí ìyàwó lè ríbi wọ̀. Ní Ṣáṣá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé, owó ajẹ́ńtì àti owó àgírímẹ́ǹtì tán ni onílé ta ilé náà, ẹni tó rà á sì ní òun kò mọ ẹni tó gbowó. Ti Ẹgbẹ́dá ló dùn ún jù. Ilẹ̀ yàrá tí wọ́n fún wọn níbẹ̀ ti fọ́ yángá-yángá. Òun àti Sàníù ra sìmẹ́ǹtì fúnra wọn, wọ́n rẹ́ ilẹ̀, wọ́n kun ògiri. Onílé wọlé, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní ilé òun ti wá dára báyìí, owó rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dára.

"Èmi ni mo da sìmẹ́ǹtì yẹn, Bàbá Tiwaladé," ló wí. "Orí ẹ̀ náà ni mo tẹ̀ jáde."

Ilé ìwé tí Kifayah bá ti ń mọ orúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni wọ́n tún ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kúrò ní àdúgbò ibẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ wá ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí ọmọ náà parí girama níbi tó wà yìí, kó ṣe ìdánwò àṣejáde rẹ̀ láì tún wọ yunifọ́ọ̀mù mìíràn. Ìdánwò ọ̀hún sì ku nǹkan bí ọdún méjì. Ẹni ejò bù ṣán rí ni; bó bá rí ekòló, á sá.

Kí n má purọ́, Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá kì í ṣe èèyàn burúkú. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọlọ́ṣun sì ni wọ́n láti ìran wọn wá. Láàárọ̀, kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n á ti bu omi tútù síwájú ìkòkò Ọ̀ṣun wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wa ẹ̀gẹ́ tà, ni wọ́n ń gba owó ilé. Kò sí ajẹ́ńtì, kò sí ìwé, wọn kò sì fi kún un láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Ohun tó dára nìyẹn, òun náà ló sì ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé ẹ̀mí arúgbó kan ṣoṣo ni gbogbo wa gbé ara lé.

Àwọn ike yẹn a máa pa Bàbá lẹ́rìn-ín. "Fẹ̀yìntọlá, ṣé ilẹ̀ mi máa ń géni jẹ ni? Kí ló dé tí o kó igi sínú ike bí ẹni kó adìẹ sínú àgò?" Á rẹ́rìn-ín, á kúnlẹ̀ kí wọn, kò sì ní gbé ike kankan kúrò níbi tó wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, gbòǹgbò ọsàn náà la ike rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo ń fọ bàtà iṣẹ́ mi. Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí i. "Igi yìí ti dàgbà kọjá ike. Gbé e sínú ilẹ̀ kó lè mí."

Ó bi Bàbá bóyá ó dá wọn lójú.

"Ta ló ń béèrè kó tó jókòó nínú ilé bàbá rẹ̀?" ni Bàbá dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe rọ̀. Ó gbẹ́ ihò, ó gbé igi náà sí i, ó fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ yí i ká. Nígbà tó ṣe, ó wá yá òòlù mi, ó kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri, ó sì gbé aago rẹ̀ kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ abà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi tí mo dàgbà sí ìgboro kò mọ̀ ọ́n, òun tí wọ́n bí sílé ìháyà kò mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn abà wa wọ̀nyí, àlejò lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀fọ́ títí á fi sú u. Igi ni kò gbọdọ̀ gbìn. Ẹ̀gẹ́ á kúrò nílẹ̀ bí ọdún bá yí, àmọ́ igi á wà níbẹ̀ de ọmọ ọmọ. Lójú àwọn àgbà, àlejò tó bá gbin igi ti ń nawọ́ gba ilẹ̀. Bàbá mọ̀ ọ́n, dájúdájú. Inú dídùn ló jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Ọlálẹ́yẹ, àkọ́bí Bàbá, kò gbàgbé ní tirẹ̀. Sẹkitéríàtì ló ti ń ṣiṣẹ́, ìgboro ló ń gbé. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Mọ́níyà lọ sí Èkó ni owó ilé agbègbè wa ti ń gòkè, Ọlálẹ́yẹ sì ti ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n kó wa jáde, kí wọ́n tún ilé ṣe, kí wọ́n gba àwọn tó lè san owó gidi. Bàbá a máa ní àwọn ń rò ó. Ọjọ́ tí ọmọ wọn yìí rí igi ọsàn nínú ilẹ̀, ó rí ohun tó ti ń wá.

Ó pe àwọn àbúrò Bàbá méjì, wọ́n jókòó síwájú ilé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Kifayah. Mo bá a jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan kò pè mí. Ọlálẹ́yẹ kò pariwo. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn tútù géni.

"Ìyá Kifayah, ta ló ní kí ẹ gbin igi sórí ilẹ̀ ẹbí wa?"

Gbogbo ojú yí sí i. Bàbá ń wo orí ọ̀pá wọn. Mo retí kí wọ́n sọ̀rọ̀, wọn kò sọ̀rọ̀. Ó yé mi díẹ̀: ilẹ̀ náà kì í ṣe ti Bàbá nìkan, bí wọ́n bá sì gbà níwájú àwọn àbúrò wọn pé àwọn làwọn fún àlejò láṣẹ, wọ́n á ní wọ́n ti ń fi ilẹ̀ ẹbí ta lọ́rẹ. Ó yé mi, àmọ́ inú bí mi burúkú. Mo la ẹnu. Ìyá Kifayah fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n gbìn ín," ló wí. "Èmi ni mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Wọ́n ní kó hú igi náà, kó sì wá ibòmíràn lọ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Mo mọ̀ pé òfin wà lórí iye oṣù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún kó tó jáde. Ṣùgbọ́n ìgboro ni òfin ń gbé, àwa sì wà ní Abà Olókùúta. Kí àwọn àgbà náà tó dìde lórí àga, ó ti gbé ọkọ́, ó ti ń hú igi rẹ̀. Kò sunkún. Ó wá ike mìíràn, ó gbé e sí i, ó wọlé lọ já aago sílẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Sàníù kì í gbé èrò mọ́ tí kò ní béèrè ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dé Ṣáṣá, wọ́n dé Akínyẹlé, wọ́n tún padà sí Ẹgbẹ́dá tí wọ́n ti búra pé àwọn kò ní í dé mọ́. Ilé tí apá wọn ká kò lórùlé. Èyí tó lórùlé, ajẹ́ńtì ní kí wọ́n san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Kifayah ń di ẹrù, ó ń tú u, ó tún ń dì í. Mo gbọ́ tí Kifayah bi í lọ́jọ́ kan pé, "Màámi, ṣé kí n ṣì ra ìwé tí wọ́n ní ká rà?" Ìyá rẹ̀ ń bá ẹrù dídì rẹ̀ lọ. Àánú ọmọ náà ṣe mí ju ti ìyá lọ.

Bàbá náà kò gbádùn. Wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, wọn kì í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá ti bu omi síwájú Ọ̀ṣun tán, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń wá jókòó sí, wọ́n á máa wo ọsàn náà bó ṣe ń wọ́wé nínú ike. Èmi kì í kí wọn ju ìkíni lásán lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwọn sì wà níbẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi wọ́.

Oṣù náà ti ń lọ sópin nígbà tí ọkọ̀ Ọlálẹ́yẹ tún dúró níwájú ilé. Ìyá Kifayah rò pé wọ́n wá wò ó bóyá òun ti kó tán. Àṣé Bàbá ló ránṣẹ́ pe ọmọ wọn, tòun tàwọn àbúrò méjèèjì. Bàbá kó gbogbo wa lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n gbé ọkọ́ fúnra wọn. Ọlálẹ́yẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kó dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n gbẹ́ ihò náà. Wọ́n gbé ọsàn síbẹ̀, wọ́n bò ó.

"Ọwọ́ ta ló gbin igi yìí?" ni wọ́n bi àwọn àbúrò wọn.

"Ọwọ́ yín ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ilẹ̀ ẹnì kan ni mo ń gbà?"

"Rárá o."

"Ẹ ṣeun. Igi mi ni. Mo ti darúgbó, mi ò lè máa pọnmi sí i. Obìnrin yìí ni mo fi lé lọ́wọ́. Ẹni tí a bá sì fi igi lé lọ́wọ́, a kì í lé e kí igi tó so kó jẹ níbẹ̀. Ṣebí bí bàbá wa ṣe ṣe fáwọn Àgàtú alágbàṣe tó bá wọn tọ́jú kòkó nìyẹn." Wọ́n fi ọkọ́ ti ògiri. "Èmi ni mo ní kó gbìn ín níjọ́sí. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Ọlálẹ́yẹ pàápàá gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Bàbá. Ọjọ́ tó bá so, a ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo. Gbogbo èèyàn ló mọ ọsàn abà. Kóró ni wọ́n fi ń gbìn ín, ọmọ tí wọ́n pọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín á sì ti máa gun igi kí tọ̀hún tó so. Kifayah á ti ṣe ìdánwò tán pátápátá nígbà náà. Mo yíjú sí Ìyá Kifayah kí n bá a yọ̀, mo rí i pé ojú rẹ̀ kò dùn rárá.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó sọ ọ́ fún mi. "Èyí kì í ṣe ọsàn kóró, Bàbá Tiwaladé. Èmi fúnra mi ni mo lẹ̀ ẹ́ níbi iṣẹ́. Ẹ̀ka igi tó ti ń so ni mo gé, tí mo lẹ̀ mọ́ ọn lára. Òjò tó ń bọ̀ yìí ló máa yọ òdòdó."

"Ẹ sọ fún Bàbá."

"Kí n sọ kí ni? Kí n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ dá?"

Aago rẹ̀ kò padà sórí ìṣó. Ìṣó náà wà lára ògiri lásán, aago wà lórí àga.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ òórùn dídùn tó gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé kan. Mo jáde. Ìyá Kifayah ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, ó ń já òdòdó funfun lọ́kọ̀ọ̀kan sínú abọ́, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Obìnrin tó jẹ́ pé kí igi lè so ni wọ́n fi ń sanwó oṣù fún un. Ó rí mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Tiwaladé," ló wí.

Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Mo wọlé padà. Inú mi kò dùn fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì ń bú gbogbo onílé tó wà láyé, títí kan àwọn tí mo ń kọ́lé fún.

Bó ṣe ṣe é lọ́dún náà nìyẹn. Òdòdó tó já, ó ń rì wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ike ata. Ọlálẹ́yẹ kì í wá kí bàbá rẹ̀ kó má lọ wo igi náà. Á wo òkè rẹ̀, á wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, á lọ. Owó ilé wa kò lé. Kifayah bọ́ sí kíláàsì àṣekágbá. Igi náà ga ju Sàníù lọ, ewé rẹ̀ pọ̀, ó ń dán, kò sì ní èso kan. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, òdòdó náà pọ̀ kọjá ohun tí ọwọ́ kan lè já tán. Ó ń gun orí àpótí já a, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti rù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ku díẹ̀ kí ìdánwò Kifayah bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ Ọlálẹ́yẹ dúró níwájú ilé. Sàníù tí kì í sọ̀rọ̀ sáré pàdé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àna, ó béèrè ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Lẹ́yìnkùlé, Ìyá Kifayah ń yí igi náà po, ó ń tú ewé wò. Èmi náà bá a wò ó. Bàbá jókòó sórí àpótí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

A ti wò ó tán, ọkàn wa ti ń balẹ̀, nígbà tí Bàbá fi ọ̀pá ti ara wọn dìde. Wọ́n na ọwọ́ sáàárín ewé lápá ibi tí ẹ̀ka ti kan ògiri, wọ́n já ọsàn tútù kan níbẹ̀, kò tóbi ju ẹyin àparò lọ, wọ́n tì í sínú àpò dàńṣíkí wọn. Wọ́n padà jókòó.

Ọlálẹ́yẹ wọlé. Ó kí wa, ó gbójú sókè wo igi náà.

"Bàbá, igi yìí kò tíì so?"

"Kò tíì so," ni Bàbá wí.

"Ó mà pẹ́ o."

"Igi míì máa ń pẹ́."

Nígbà tí ìró ọkọ̀ rẹ̀ ti jìnnà, Bàbá mú ọsàn náà jáde, wọ́n fi sínú ọwọ́ Ìyá Kifayah. "Ẹ̀gbẹ́ ògiri yìí ni o máa ń fojú fò. Lọ́dún tó kọjá náà, mo já méjì níbẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó sì sunkún, ẹkún tí n kò tíì rí i kó sun láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Bàbá fi í sílẹ̀ kó sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn wọlé lọ sinmi, nítorí pé òtútù ń mú àwọn láti àná.

Kifayah ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀ báyìí. Òtútù Bàbá kò tíì lọ. Bí mo bá gbọ́ tí wọ́n wúkọ́ ní yàrá wọn láàárọ̀, mo ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e: ilẹ̀kùn Ìyá Kifayah á ṣí, á gbé omi gbígbóná lọ fún wọn, á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi mu ún tán. Lẹ́yìn náà ni á tó lọ bomi rin ata rẹ̀ tó wà nínú ike.